Kàkà inú gbólóhùn: lẹ́tà sí àbúrò mi ní Ìsánlú

Houston,
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o. Bá mi kí Bàbá àti Ìyá. Mo mọ̀ pé ẹ ti wà lẹ́nu káṣú ṣíṣà báyìí. Má jẹ́ kí Ìyá máa bẹ̀rẹ̀ jù, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n.

O ní o ti há ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sórí fún GRE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, síbẹ̀ àwọn gbólóhùn tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ inú wọn ń gbé ọ ṣubú. Ó dùn mí, torí ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi há ọ̀rọ̀ sórí lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Mo dé iwájú kọ̀ǹpútà, mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ márààrún tí wọ́n tò kalẹ̀, n kò sì mọ èyí tí n óò mú. Owó ìdánwò yẹn wọmi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi pé inú gbólóhùn gan-an ni ìdáhùn máa ń wà. Ṣé o rántí Ìyá? Bí wọ́n bá ti ní, “Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn,” a kì í dúró gbọ́ ìyókù ká tó mọ̀ pé wọn ò gbà. Kàkà ti sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ní kàkà tirẹ̀: although, but, despite, unlike, rather than, far from. Níbi tí o bá ti rí ọ̀kan, ọ̀nà ti yà níbẹ̀.

Wo èyí: Although the chief was garrulous at home, at the palace he was ____. Garrulous ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Although ti ṣáájú, a jẹ́ pé tó bá dé ààfin, kì í sọ̀rọ̀. Kọ “kì í sọ̀rọ̀” sórí pépà kí o tó wo ohun tí wọ́n tò. Kọ ọ́ ní Yàgbà wa bó bá wù ọ́. Kò sẹ́ni tó ń fún pépà yẹn ní máàkì. Nígbà náà ni kí o wá wo taciturn, verbose, affluent, cordial, devout. Verbose ni ẹ̀bìtì ibẹ̀: òun àti garrulous jọ ń rìn ni, ojú á sì sáré lọ bá a. Taciturn ni kí o mú.

Àwọn kan a máa fara pamọ́. Bí once àti now bá jọ wà, nǹkan ti yí padà nìyẹn. Seemingly ń sọ pé bó ṣe rí lójú kọ́ ló rí nínú. Ṣọ́ra fún while, nítorí ìgbà mìíràn “nígbà tí” lásán ni. Èyí tó dà mí láàmú jù ni not unlike: kíkọ̀ méjì ló pàdé, ó wá di “jọ”.

Bí àlàfo bá ju ẹyọ kan lọ, ṣíṣi ọ̀kan mú ti ba gbogbo ìbéèrè náà jẹ́. Má fi dandan bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Ibi tí kàkà wà ni kí o kọ́kọ́ lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí wọ́n ti gé ìdánwò náà kúrú, ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18 ni apá kìíní nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì (Verbal), 15 ní ìṣẹ́jú 23 ni ìkejì. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà má fi èyíkéyìí sílẹ̀ lófo.

Má da àwọn ọ̀rọ̀ tí o há sórí nù o. Ẹni tí kò mọ garrulous, although nìkan ò lè gbà á.

Mú gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, fa ìlà sábẹ́ kàkà wọn, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Tí mo bá fi ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ yín. N óò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.