Ẹjọ́ Ezekiel Elliott: afìyàjẹni ló tún ń yan ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Ezekiel Elliott, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Dallas Cowboys nígbà tí NFL (líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà) ní kò gbọdọ̀ gbá géèmù 6 lọ́dún 2017, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Wọ́n ní ó lu obìnrin, òun ní irọ́ ni, ìjọba ìlú Columbus ní Ohio ò sì gbé e lọ kóòtù rárá, líìgì ṣá ní àwọn ti ṣèwádìí tàwọn. Adájọ́ kan ní Texas dá ìyà náà dúró ní September, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní wọ́n ti tètè gbé ẹjọ́ wá jù, wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ dé New York, lónìí yóò gbá lọ́la kò ní gbá, títí Elliott fi jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà ní November.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé àdéhùn táwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn fọwọ́ sí ló jẹ́ kí kọmíṣọ́nà, ìyẹn ọ̀gá àgbà líìgì, fìyà jẹni, kó sì tún yan ẹni tó máa gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀! Ohun tó mú Tom Brady, agbábọ́ọ̀lù NFL mìíràn, náà nìyẹn, tí kóòtù wọ́gi lé ìyà géèmù 4 tiẹ̀ ní 2015 tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tún dá ìyà náà padà ní 2016. Lóòótọ́, ní 2020 wọ́n fi adájọ́ tí líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ yàn kún un, àmọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì ń padà sọ́dọ̀ kọmíṣọ́nà náà ni.