Bọ̀dá mi, wọn kò ní tú Màmá sí ìhòòhò

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì, ẹ má bínú. Ara mi le, owó oògùn á dé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní ẹnìkan sọ fún Màmá pé wọ́n á tú u sí ìhòòhò níbi àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfuurufú Atlanta. Wọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ṣé ìyá onílé yẹn náà ni?

Ẹni tó sọ ọ́ kò kúkú parọ́ tán. Àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan wà ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ tó ń fi ara èèyàn hàn bí ẹni tí kò wọṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó wọn kúrò ní 2013. Èyí tó kù báyìí, àwòrán kan náà ló ń yà fún gbogbo èèyàn, bí èyí tí ọmọdé fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri. Ibi tó bá fura sí ló máa fi àmì yẹ́lò sí. Màmá á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tán. Bí èjìká rẹ̀ kò bá jẹ́, kó sọ, obìnrin ni yóò fọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kan ibi tó bá jẹ́ ibi kọ́lọ́fín. Ó lè ní kí wọ́n ṣe é nínú yàrá, kí ẹni tó bá a lọ wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Aṣọ ló máa ń fa wàhálà. Owó tó ń so mọ́ etí ìrọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, gèlè tó ní abẹ́rẹ́ nínú: ibẹ̀ gan-an ni àmì yẹ́lò yóò bọ́ sí. Bùbá àti ìrọ́ kan ṣoṣo ti tó, kó fi ṣíkáàfù fẹ́lẹ́ wérí. Kó di pàtẹ́wọ́, kó má di ṣùkú, torí wọ́n ń tẹ irun tó bá ga. Àwọn obìnrin dúdú ti fẹjọ́ èyí sùn, TSA, àjọ tó ń yẹ èrò wò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, sì ṣèlérí ní 2015 pé àwọn yóò tún òṣìṣẹ́ àwọn kọ́. Síbẹ̀, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ní ti irin tó wà nínú orúnkún rẹ̀, kó sọ ọ́ kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ìwé dókítà dára, ṣùgbọ́n kò ní yọ ọ́ nínú àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá rí SSSS lára ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀, ẹ má fòyà. Àyẹ̀wò àfikún ni, kì í ṣe ẹ̀sùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù inú ọkọ̀ òfuurufú ní December 2009, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ń tú èrò wọn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pa òfin yẹn rẹ́ ní April 2010.

Ó kan báàgì. Lagos nìkan kọ́ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò: ní Atlanta, á gba àpótí rẹ̀, á kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, á dá a padà, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Houston. Nǹkan olómi inú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju 100ml. Ìgò ni wọ́n ń wò o, ìgò 200ml tó ku ìdajì, wọ́n á jù ú nù. Òrí, oyin, ẹ̀pà lílọ̀ àti ata díndín, olómi ni gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Oògùn ikọ́ nìkan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣáà fi hàn wọ́n. Èlùbọ́ àti gaàrí tó bá ju 350ml, ìyẹn ìwọ̀n agolo mínírà kan, inú àpótí ńlá ni kó lọ, nítorí ìyẹ̀fun tó dì pọ̀ máa ń jọ ohun abúgbàmù nínú ẹ̀rọ. Power bank ní tirẹ̀, báàgì ọwọ́ ni, kì í wọ àpótí. Ẹ má sì fi àgádágodo lásán ti àpótí náà, àfi èyí tí TSA ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gé e.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrù rán Màmá. Mo tún un sọ: ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ Àǹtí Bísí. Bí NDLEA bá bi í ní Lagos pé ta ló dì í, kí ni ẹ fẹ́ kó sọ?

Mo fẹ́ pe TSA Cares, ẹ̀ka TSA tó ń ran èrò tó nílò ìtọ́jú lọ́wọ́, kí wọ́n yan ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ ní Atlanta, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wákàtí 72 ṣáájú ni èèyàn gbọ́dọ̀ pè, mi ò sì mọ ọjọ́ tó ń gbéra. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ yín láti oṣù tó kọjá. Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti rà á?

Àbúrò yín,
Kẹ́mi