Kí ẹ tó san owó àfikún wàráńtì mọ́tò

Sí Olóòtú,

Ẹni tó bá ra mọ́tò tuntun ní Àbújá lónìí lè bá ìwé kejì pàdé lórí tábìlì ẹni tó tà á fún un: kó san owó kan lé e, kí wàráńtì rẹ̀ lè gùn ju èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fún un lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kí ẹ tó wo iye owó rẹ̀, ẹ wo fáìlì rísíìtì sáfíìsì yín, torí òun ni wọ́n máa béèrè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tí kò ní fáìlì bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní sùúrù láti ní in, owó ọ̀fẹ́ ló fẹ́ lọ kó fún wọn.

Ẹ má fi í pe ìnṣọ́ránsì. Third-party tí òfin ní ká ní, tó di 15,000 náírà fún mọ́tò ara ẹni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ti ẹni tí ẹ bá kọlù ni. Comprehensive wà fún ìjàǹbá, iná àti olè. Bí gíá bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, kò sí èyí tó máa dá yín lóhùn nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàráńtì ti wúlò.

Ojú ewé ohun tí wọ́n máa tún ṣe ni wọ́n máa ń ṣí fún oníbàárà. Ojú ewé ohun tí wọn kò ní ṣe ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Páàdì bírékì, kílọ́ọ̀ṣì, táyà, bátìrì, gílóòbù àti wáípà kì í sí lára ohun tí wọ́n máa tún ṣe, nítorí lílò ló ń jẹ wọ́n, ìyẹn ò sì burú. Àmọ́ rọ́bà abẹ́ mọ́tò àti ṣọ́ọ̀kì náà sábà máa ń wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kòtò ojú ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ohun tí epo burúkú bá bàjẹ́ náà, wọn kì í tún un ṣe. Ẹ rántí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀jù, tó wọ̀lú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Bí irú rẹ̀ bá ba pọ́ńpù epo tàbí injẹ́tọ̀ jẹ́, wọ́n á ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ta epo.

Ibi tí ìjà ti máa ń pọ̀ jù ni ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí pọ́ńpù omi bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ mítà ooru bá ti wọ pupa, tí awakọ̀ ní òun á kúkú dé Gwagwalada ná, tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á wọnú ọ́ìlì. Wọ́n á san ti pọ́ńpù tí owó rẹ̀ kéré, wọ́n á ní ti tọ́ọ̀pù jẹ́ àfọwọ́fà. Ẹ má sì rò pé ẹ lè jiyàn: brain box, kọ̀ǹpútà kékeré inú mọ́tò, máa ń tọ́jú bí ooru ẹ́ńjìnnì ṣe tó nígbà tí àléébù kọ́kọ́ hàn. Bí wọ́n bá tún tú rédíétọ̀ tí omi pupa bí ìpẹtà sì jáde, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kúláǹtì àti omi ní ìdajì-ìdajì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Omi lásán máa ń tètè hó, ó sì ń mú irin dípẹtà.

Sáfíìsì wá ńkọ́? Ìwé mọ́tò sábà máa ń ní ìlànà méjì, ọ̀kan fún ibi tí nǹkan rọrùn, èkejì fún ibi eruku, ooru àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Èkejì ni tiwa láti Nyanya títí dé Kano, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní 10,000 kìlómítà, 5,000 ni ti èkejì sábà máa ń jẹ́, fíìtà atẹ́gùn náà á sì tètè dí. Ẹ ṣọ́ra fún gíá CVT, ìyẹn gíá ọtómátíìkì tó ń fi bẹ́lítì ṣiṣẹ́ dípò eyín. Bí ẹnì kan bá da ọ́ìlì gíá ọtómátíìkì lásán sí i, bẹ́lítì irin inú rẹ̀ á máa yọ̀ títí yóò fi jẹ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa san án. Nítorí náà, kí rísíìtì kọ orúkọ ọ́ìlì, iye lítà, kìlómítà tó wà lójú mítà àti ọjọ́. “Mo ti gba owó sáfíìsì” lórí bébà kékeré kò wúlò fún nǹkan kan.

Owó ńkọ́? Wàráńtì ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ ó san ti àfikún lónìí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ìyẹn fi máa parí. Náírà ni wọ́n fi kọ òpin ohun tí wọ́n lè san, dọ́là ló sì ń pinnu iye gíá. Òpin tó tó ra odindi gíá nísinsìnyí lè má tó ra ìdajì rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá ní 720,000 náírà fún ọdún 2, 30,000 náírà lóṣù nìyẹn, ẹ lè máa fi sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú láti rà á fún ni mọ́tò tuntun tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì) tàbí CVT, tí ẹ ó lò kọjá ọdún 3, tí wọ́kíṣọ́ọ̀bù wọn sì wà ní Àbújá. Bí Èkó nìkan ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó tí wọ́n fi máa fà á lọ. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́, kó wádìí dáadáa, torí wọ́n sábà máa ń yọ mọ́tò akérò kúrò.

Ti tókunbọ̀ kò gùn. Bí wọ́n bá ní wàráńtì Amẹ́ríkà ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni irú rẹ̀ sábà máa ń mọ sí. Ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò tó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17, wo ìtàn mọ́tò náà, kí ẹ sì skánì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo àléébù rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tàbí gíá palẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó títú bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lóòótọ́, ẹ gba ìkọ̀sílẹ̀ náà lórí ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́ àti nọ́ńbà gbólóhùn àdéhùn tí wọ́n dúró lé. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá àjọ FCCPC níbí ní Àbújá, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018.

Mẹkáníìkì kan,
Apo, Àbújá