Ẹ Má Fi Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Wọ̀n Ọ́n

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ sì nìyẹn. Ìyá ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ṣe báyìí o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe tiẹ̀." Ọmọ yìí ò sọ nǹkan kan. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ló ń yí, ó ń yí i títí òwú rẹ̀ fi já.

Àtọjọ́ yẹn ni Mohinder Amarnath ti ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Íńdíà ni, Patiala ni wọ́n bí i sí ní 1950, eré kíríkẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù láti kó ayò jọ, sì ni iṣẹ́ ilé wọn. Lala Amarnath, bàbá rẹ̀, ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba ọgọ́rùn-ún ayò nínú ìdíje Test, èyí tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbá. Ní Bombay ni, ní 1933, ó gba ayò 118, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣojú ilẹ̀ rẹ̀ sì nìyẹn. Surinder, ẹ̀gbọ́n Mohinder, náà kọ́kọ́ ṣojú Íńdíà ní Auckland ní New Zealand ní 1976, ló bá gba 124 lẹ́ẹ̀kan náà.

Mohinder ńkọ́? Ó ti wọ ikọ̀ Íńdíà ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti 1969. Kò rí ọgọ́rùn-ún gbà, wọ́n sì pa á tì fún ọdún mẹ́fà. Auckland tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é padà. Ó di òpin 1977, ní Perth ní Australia, kó tó gba ọgọ́rùn-ún tirẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá.

Ibi tó wọ̀ mí lára nìyí: bàbá ò gba ọgọ́rùn-ún mìíràn mọ́ nínú Test láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ò gba òmíràn. Mohinder tó pẹ́ dé gba mọ́kànlá. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, akọni ni bàbá yẹn. Ní 1936, wọ́n dá a padà sílé láti England nítorí aáwọ̀ òun àti olórí ikọ̀. Ó di 1946 kó tó tún gbá Test, òun náà ló sì wá ṣe olórí ikọ̀ Íńdíà lọ sí Australia lẹ́yìn òmìnira 1947.

Ísáákì bá kànga Ábúráhámù bàbá rẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ ó gbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n bá a jà sí èkíní, wọ́n bá a jà sí èkejì, ó sì ṣí lọ gbẹ́ ẹ̀kẹta.

Ní Bridgetown ní Barbados ní 1983, bọ́ọ̀lù Malcolm Marshall, ajubọ́ọ̀lù West Indies, ìyẹn ikọ̀ àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ba Mohinder lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, wọ́n mú un lọ rán ojú ọgbẹ́. Ó padà wá dúró síwájú àwọn ajubọ́ọ̀lù yẹn kan náà, ó sì gba 80. Lóṣù kẹfà ọdún náà, Íńdíà pàdé West Indies ní Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ife tí West Indies ti gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì tó ṣáájú. Íńdíà gba 183, West Indies 140. Mohinder gba 26, ó lé èèyàn mẹ́ta jáde, òun ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ọdún yẹn tó parí, West Indies wá sí Íńdíà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Mohinder lọ gbá bọ́ọ̀lù wọn nínú Test, ayò tó sì gbà nìyí: òdo, òdo, ọ̀kan, òdo, òdo, òdo. Wọ́n tún yọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá 1984, ní Lahore ní Pakistan, ó tún di igi mú. Ó gba 101, kò sì sí ẹni tó rí i lé jáde.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ óò ka ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kó tún forúkọ sílẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́rú ni a óò gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó ń lọ ṣèdánwò. Ẹ mú un wá, ẹ bá mi rán bọ́tìnì yẹn padà sí ẹ̀wù rẹ̀, ẹ má sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà.