Òjò Bá Wa Lábẹ́ Humanities

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Leipzig ní Jámánì níbẹ̀ ńkọ́? Ó ti yẹ kí n kọ̀wé sí ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ Tèmi ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ara rẹ̀ yá o, má jàyà. Ilé-ìwé tó ń lọ ló ń kó ìrònú bá mi.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Gíláàsì ló bo àwọn ilé wọn láti òkè délẹ̀, fèrèsé kan ò sì ṣeé ṣí. Bí iná bá ti lọ báyìí, inú kíláàsì á gbóná bí ààrò, gbogbo wọn á tú jáde sínú oòrùn, nítorí kò sí ibòji níta. Mo bi í pé níbo ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá parí iṣẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, yàrá la máa ń padà sí.” Àbẹ̀kẹ́, ó dùn mí wọra. Ọdún kejì rẹ̀ rèé, kò ní igun kan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ni mo bá mú un lọ sí yunifásítì Ifẹ̀ ní Sátidé.  A ti wo Oduduwa Hall àti Amphi, ibi ìwòran tó wà ní gbangba, a ń bọ̀ ní àwọn ilé kíláàsì Humanities, ni òjò bá ṣú. O mọ bí òjò Ifẹ̀ ṣe ń rọ̀. A sá síbi tí èmi, ìwọ àti Bùnmi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń dúró sí. Omi ń já bọ́ láti etí àjà òkè pátápátá, ó jìnnà sí wa, ẹ̀kán kan ò kan ògiri. Tèmi na ọwọ́ títí, ọwọ́ ò tó o. Ó wòkè, ó ní, “Mọ́mì, ilé yìí dorí kodò!” Mo fi hàn án bí àjà kọ̀ọ̀kan ṣe yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí ti òkè ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ ilé kọjá bí ẹni tó wà ní àgbàlá bàbá rẹ̀.

Ó ní ta ló yà á. Arieh Sharon ni, ọmọ Ísírẹ́lì. Yunifásítì ṣì wà n'Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọdún 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èyí ríran! Ó wo oòrùn wa, ó wo òjò wa, kó tó fa ìlà kan. Àwa onílẹ̀ la wá ń kó àwọn ọmọ wa sínú àpótí gíláàsì.

Látìgbà tá a ti délé ni Tèmi ti ń ya ilé sínú ìwé. Lánàá ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi kọ́ọ̀sì òun sílẹ̀, iṣẹ́ ilé yíyà lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ò tíì dá a lóhùn. Owó ọdún méjì kì í ṣe kékeré, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ yẹn nínú òjò.

Àbẹ̀kẹ́, ìlú Dessau ò jìnnà sí ọ. Ibẹ̀ ni Sharon ti kọ́ṣẹ́, ní ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní Bauhaus. Ilé tí wọ́n ṣí ní 1926 ṣì wà lórí ìdúró. Jọ̀ọ́, wọ rélùwéè lọ́jọ́ tí o bá ráyè, ya fọ́tò àtẹ̀gùn rẹ̀ àti àwọn fèrèsé rẹ̀ fún Tèmi, kí o sì pè é fúnra rẹ. Tìrẹ ló máa ń gbọ́. Fi fọ́tò àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ Humanities kún un. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi sọnù nígbà tá a kó lọ sí Òṣogbo, mi ò sì ní àwòrán Bùnmi mìíràn.

O ò tíì sọ fún mi bóyá ò ń bọ̀ ní Kérésì.

Èmi ni,
Àjíkẹ́