Àkànní, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì lé ọ wọlé? Ìtàn àròsọ rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti ka gbogbo ohun tó o kọ dé ibi tó o bá a dé. Ọba kú, kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní òun ni adé tọ́ sí, àbúrò ọba ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìlú pín sí méjì. Títí débẹ̀, mo ń gbádùn ẹ̀ lọ ni. Àfi ìgbà tí àwọn ajagun ẹlẹ́sìn rẹ já wọ orí kẹrin láìròtẹ́lẹ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, idà lọ́wọ́, tí wọ́n gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀ lójú ogun, tí wọ́n sì tún yíjú padà lọ gbàdúrà. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e sílẹ̀. Ta ló pè wọ́n? Ta ló ń bọ́ ẹṣin wọn? Kí ni tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i fún ọ. Nínú ìjà oyè, idà irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ ká máa bẹ̀rù jù. Ohun tí aráyé ti kó fún wọn tọ́jú ni: owó ọba, ilé olódi, ọmọ tí wọ́n fi dógò, adé fúnra rẹ̀. Wọ́n kó o fún wọn torí pé wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Ọlọ́run nìkan làwọn ń sìn, àwọn ò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Ọjọ́ tí ọba bá wá kú, àwọn tí ò bá ẹnikẹ́ni du oyè yìí ni gbogbo ẹni tó ń du oyè máa kọ́kọ́ sáré tọ̀ lọ.

Ìtàn Jerúsálẹ́mù ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lásìkò tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù ń jọba níbẹ̀, Baldwin kẹrin, ọba tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀, kú lọ́dún 1185. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọdé tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ló gorí oyè, Raymond ti Tripoli sì ń bá a ṣèjọba. Àwọn ìjòyè ti búra pé bí ọmọ náà bá kú, àwọn ò ní dá ọba jẹ. Póòpù àti àwọn ọba ńláńlá òkè òkun ni yóò bá àwọn yàn. Ọmọ náà kú lọ́dún 1186 lóòótọ́. Àwọn Templar, ìyẹn àwọn mọ́ńkì tó ń jagun, ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù láti sin. Sibylla ìyá ọmọ náà dé síbẹ̀, Guy ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn odi ìlú pa. Raymond àti ọ̀pọ̀ ìjòyè kóra jọ sí Nablus, wọ́n ń bínú, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n wà.

Inú àpótí ìṣúra ni adé wà, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló sì ń ṣí i. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Heraclius, olórí àlùfáà ìlú náà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Gerard de Ridefort, Ọ̀gá Àgbà àwọn Templar. Ìkẹta wà lọ́wọ́ Roger de Moulins, Ọ̀gá Àgbà àwọn Hospitaller, ẹgbẹ́ kejì tó ń fi ìwà mọ́ńkì jagun. Heraclius ti ṣe tán. Gerard ti ṣe tán. Roger kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn ti búra, òun ò ní í dalẹ̀ ìbúra. Wọ́n wá a lọ sílé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu, wọn ò kúrò níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní nígbà tó sú u, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi ìbínú jù ú sílẹ̀. Wọ́n he é, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú adé méjì jáde. Heraclius fi ọ̀kan dé Sibylla lórí. Sibylla gba èkejì, ó pe Guy síwájú, ó fi dé e fúnra rẹ̀.

Ṣé o rí i? Ẹnikẹ́ni ò yọ idà, ìjà oyè ti parí. Roger yẹn gan-an ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Òun náà ní ọmọ ogun, kò sì pè wọ́n. Kò fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kò sì fi dù wọ́n. Ó jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìtàn rẹ. Gbogbo àwọn tìrẹ ló mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí wá ni Gerard ń bá kiri? Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ni pé kó tó di mọ́ńkì, Raymond ti ṣèlérí pé òun á fún un ní ìyàwó tó ní ilẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin tó jogún Botrun, ilẹ̀ kan lábẹ́ Tripoli, tó ẹni tí wọ́n ń fọ́kọ, Raymond fà á fún oníṣòwò kan láti Pisa. Wọ́n ní oníṣòwò náà gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n, ó sì wọn wúrà tó wúwo bíi tirẹ̀ kalẹ̀ fún Raymond. Gerard gba ilé àwọn Templar lọ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní gbéyàwó láéláé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Botrun bá a wọ ilé náà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n dé Guy ládé, ó ní adé yìí ti san gbèsè ìyàwó Botrun. Ẹ̀jẹ́ bọ́ aṣọ ayé lára rẹ̀, kò bọ́ ìkùnsínú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣí àpótí mìíràn. Henry kejì, ọba Ẹ́ńgláńdì, ti ń kó owó pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ajagun ẹlẹ́sìn yìí láti fi ṣètùtù ikú bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket. Gerard kó èyí tó wà lọ́dọ̀ tiwọn, ó fi háyà ọmọ ogun fún Guy. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1187, òun àti Roger jọ fi ẹlẹ́ṣin díẹ̀ kọlu ọmọ ogun rẹpẹtẹ Saladin, ọba àwọn Mùsùlùmí, ní ìsun omi Cresson. Roger kú síbẹ̀, Gerard sá là. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun Saladin fọ́ ti Guy yángá ní Hattin. Saladin ní kí wọ́n pa àwọn Templar àti Hospitaller tí ọwọ́ bà, ó dá ẹ̀mí Gerard sí. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, Jerúsálẹ́mù ti bọ́ sí i lọ́wọ́. (Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ èyí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ pé àsọdùn ti wọ̀ ọ́.)

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ò ronú sí: kí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àrólé. Alfonso kìíní, ọba Aragon ní ilẹ̀ Sípéènì, kò bímọ. Ó kọ ìwé ìhágún lọ́dún 1131 pé bí òun bá kú, kí àwọn Templar, àwọn Hospitaller àti àwọn àlùfáà ibojì mímọ́ Jerúsálẹ́mù pín ìjọba òun sí mẹ́ta. Ó kú lọ́dún 1134. Àwọn ìjòyè ka ìwé náà, wọ́n ká a padà sápò. Wọ́n lọ fa Ramiro, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ mọ́ńkì, jáde nínú ilé àdúrà, wọ́n fi jọba, wọ́n fún un níyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan, wọ́n fi ọmọ náà fún ìjòyè Barcelona kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, Ramiro sì padà sídìí àdúrà rẹ̀. Navarre, apá kan ìjọba Alfonso, ti lo àǹfààní yẹn, ó yan ọba tirẹ̀. Kí làwọn Templar ṣe? Wọn ò jà. Wọ́n jókòó ti ìwé ìhágún. Nígbà tó di 1143, wọ́n fún wọn ní ilé olódi mélòó kan, Monzón wà nínú wọn, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún ọba. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ tó sì ní sùúrù, ṣé o rò pé ó kéré nínú ogun oyè?

Ìdí tí sùúrù fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni pé ẹgbẹ́ kì í kú. Ìjòyè á kú, ọmọ rẹ̀ márùn-ún á pín ilẹ̀ rẹ̀. Mọ́ńkì kò lọ́mọ tó máa pín in, ilẹ̀ ń lé síra wọn ni. Ó sì tún wà pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ ogun ìjòyè ò ju ogójì ọjọ́ lọ kí wọ́n tó máa bèèrè ilé, nígbà tó jẹ́ pé ojú ogun nilé ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Nítorí náà má sọ fún mi pé àwọn tìrẹ “jẹ́ akọni”. Sọ iye oko tó wà lábẹ́ wọn.

Ẹ̀jẹ́ àìgbéyàwó yẹn náà, fi ṣeré díẹ̀ sí i. Ní Castile, ní ilẹ̀ Sípéènì kan náà, lọ́dún 1466, Enrique kẹrin ọba ibẹ̀ ń wá ẹni tó máa tì í lẹ́yìn, ó sì gbà láti fi Isabella, àbúrò rẹ̀, fún Pedro Girón. Ọ̀gá Àgbà Calatrava, ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn kan níbẹ̀, ni Girón, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Póòpù tú u sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́, ó kó èrò lẹ́yìn, ó ń bọ̀ wá gbéyàwó, àìsàn dá a dúró lójú ọ̀nà, ó kú. Ọmọ rẹ̀ ló jogún ipò náà (bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bímọ ná), ọmọdé tí wọ́n sọ di Ọ̀gá Àgbà. Nígbà tí ogun oyè Castile bẹ́ lọ́dún 1475, ẹ̀yìn Juana tó ń bá Isabella du adé ni ọmọ yìí kọ́kọ́ wà. Isabella ò gbàgbé. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà Santiago, ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn mìíràn, kú lọ́dún 1476, ó gun ẹṣin lọ bá wọn ní Uclés, olú-ilé wọn, ó ní kí wọ́n má tíì yan ẹnikẹ́ni. Kí ọdún 1500 tó pé, ìṣàkóso ẹgbẹ́ Calatrava, Santiago àti Alcántara ti bọ́ sọ́wọ́ Ferdinand ọkọ rẹ̀ pátá. Ọbabìnrin inú ìtàn rẹ, bó bá gbọ́n, ohun tó máa ṣe fún àwọn tó gbà á là nìyẹn.

Ti àwọn Teutonic, ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn ti àwọn ará Jámánì, ò gùn. Lọ́dún 1308, ìjà ta-ni-ó-ni-ín bẹ́ lórí Gdańsk, ìlú kan ní Poland, àwọn ará Brandenburg ká àwọn ọmọ ogun Poland mọ́ inú ilé olódi ibẹ̀, àwọn tí wọ́n ká mọ́ sì ránṣẹ́ sí àwọn ajagun Teutonic pé kí wọ́n wá gba àwọn. Wọ́n gbà wọ́n lóòótọ́. Wọ́n sì gba ìlú náà mọ́ ọn.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti Japan, torí mo fẹ́ kó o yé rò pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn máa ń fẹnu kò. Lọ́dún 1180, Taira no Kiyomori, olórí ìdílé Taira tó lágbára jù nígbà náà, fi ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́, jọba. Mochihito, ọmọ ọba tí wọ́n fò dá, pe ogun, ó sì sá tọ àwọn mọ́ńkì ilé àdúrà Mii-dera lọ. Wọ́n gbà á. Àwọn ará Enryaku-ji, ilé àdúrà mìíràn tí ẹ̀ka ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n, ò dá wọn lóhùn, torí ìjà àtijọ́ wà láàárín ilé méjèèjì. Mochihito àti àwọn mọ́ńkì Mii-dera wá forí lé ìlú Nara láti wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì ibẹ̀. Ní Uji, wọ́n ṣí pákó orí afárá kúrò kí ẹṣin Taira má lè kọjá, àwọn mọ́ńkì sì ń jà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù. Àwọn Taira wọ́ ẹṣin gba inú odò. Wọ́n pa Mochihito. Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn, àwọn Taira dáná sun àwọn ilé àdúrà ńlá Nara, Tōdai-ji àti Kōfuku-ji, nítorí pé wọ́n ti gbè sẹ́yìn ẹni tó pàdánù.

Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ tèmi nìyí. Mú ìgbàlà ojú ogun orí kẹrin kúrò. Láti orí kejì ni kí owó ọba ti wà nínú àpótí àwọn ajagun ẹlẹ́sìn, kí ọmọ kékeré àbúrò ọba sì wà lọ́dọ̀ wọn bí ìdógò. Ìyẹn á jẹ́ kí ojú wọn wúwo fún apá méjèèjì. Wá ìkùnsínú kan fún Ọ̀gá Àgbà wọn, kó ti wà kó tó jẹ́jẹ̀ẹ́, kó má sì jẹ mọ́ ẹ̀sìn rárá. Dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ tí wọ́n jọ ń sin ọlọ́run kan náà tí wọn ò sì lè jókòó pọ̀. Má sì gbàgbé àwọn ará wọn tí ilé wọn wà lórí ilẹ̀ àbúrò ọba: lọ́jọ́ tí olú-ilé wọn bá yan ọmọbìnrin, ta ló máa pa irọ́ fún àbúrò ọba lẹ́nu ọ̀nà, ta ló sì máa ṣílẹ̀kùn fún un? Orí ìwé méjì wà nínú ìyẹn nìkan.

Fi orí kẹrin tuntun ránṣẹ́ kó o tó tẹ síwájú, torí bó o bá ti pa Ọ̀gá Àgbà yẹn ní orí keje bó o ṣe ń halẹ̀, mi ò ní kà á mọ́. Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjàní