Ọ̀dà Ọkọ̀ Ń Ba Ọ̀sà Wa Jẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí omi ọ̀sà Èkó. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí inú omi, ọ̀rá àti ike la máa ń pariwo lé lórí. Èyí tí ojú ò tètè rí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe létí ọ̀sà. Wọ́n á fi irin ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò nídìí ọkọ̀, èérún rẹ̀ á sì dà sórí ẹrẹ̀ tí akàn ń rìn. Májèlé ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà yẹn, kí ohun abẹ̀mí má baà lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn, tributyltin, ló ba oko oyster (ẹran omi oníkarawun tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ) jẹ́ ní Arcachon, nílẹ̀ Faransé, tí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1982. Ó tiẹ̀ máa ń mú kí abo ìgbín òkun hu nǹkan ọkùnrin! Òfin àgbáyé tó dè é bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Ṣùgbọ́n bàbà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà, òun náà sì ń pa ohun abẹ̀mí inú omi.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ pàṣẹ kí wọ́n máa tẹ́ ọ̀rá ńlá sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó ha á. Ẹ sì pèsè ibi tí àwọn awakọ̀ ojú omi yóò máa da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n bá yọ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn sí ní gbogbo èbúté.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé etí ọ̀sà, Èkó